Bàtà Ìsọ̀kalẹ̀: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ fún Eré Kìlómítà 21 ní Òkè Ìdànrè

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Mo fẹ́ sọ bàtà eré kan tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán di èyí tó lè sá ìdajì máratọ́ọ̀nù lórí Òkè Ìdànrè, ìyẹn kìlómítà 21.0975, kí ẹsẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́ náà sì tó iṣẹ́ yẹn ṣe. Eré yìí kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ tí a jọ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé ní Àkúrẹ́ la fẹnu kò sí i. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí owó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu iyán fún, ó parí.

Àwọn tó ń sá Máratọ́ọ̀nù Èkó láti 2016 mọ ohun tí ọ̀nà ọ̀dà ń fẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Eré orí òkè ti Ọbùdú, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kìlómítà 11.25 ni, òkè ni wọ́n sì ń gùn lọ ràì. Tiwa yàtọ̀ sí méjèèjì. Gbogbo ibi tí a bá gùn ní Ìdànrè la máa sọ̀ padà, torí ibi tí a ti gbéra náà la máa parí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsọ̀kalẹ̀ ni mo ń tún bàtà ṣe fún. Tí èèyàn bá ń gòkè, èémí ló ń tán, èémí sì ń padà wá tó bá dúró díẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, itan, orúnkún àti èékánná ló ń fi san án, àwọn yẹn kì í sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀nà

A lọ wọn ọ̀nà náà nígbà tí òjò Ọ̀wàrà ṣì ń rọ̀. A sanwó ní ẹnu géètì, a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún àwọn tó ń mú àlejò gòkè, wọ́n sì fi ibi tí a ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn hàn wá, torí àwọn ojúbọ wà lókè yẹn tí kì í ṣe ti eré sísá.

Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Àwọn kan kà á sí 667, àwọn kan sí 682. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó bá ṣì ń ka àtẹ̀gùn dé òkè, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn á bọ́ sí ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ wá sísàlẹ̀ ní 1933. Ààfin Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 náà ṣì wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yẹn, mo ń ro ti àwọn tó ń ti ibẹ̀ lọ sóko, tí wọ́n ń ru ẹrù gun àpáta yìí padà nírọ̀lẹ́, láìsí bàtà. Àwa wá ń fi ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ múra sílẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kan.

Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lójú àpáta lókè níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, ti ọmọdé ni o, ti àgbàlagbà ni o, àfi ti àjẹ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá mi mu, ọpẹ́ ni. Tí ẹni tó gbẹ́ ẹ bá lè ran bàtà ni, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ì bá kúrú.

Ọ̀nà tí a fẹnu kò sí ni pé ká gun àtẹ̀gùn, ká la ìlú àtijọ́ kọjá, ká sọ̀ padà, ká bọ́ sí ọ̀nà oko kòkó nísàlẹ̀, ká yí i ká títí, ká tún padà wá gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kejì, ká sì parí sí ìsàlẹ̀. Fóònù sọ pé ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní kìlómítà 21, pé gbogbo òkè tí a máa gùn nínú rẹ̀, tí a bá ro ó pọ̀, sì tó bíi mítà 700. Mi ò gba fóònù gbọ́ tán. Tí ọ̀nà bá ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ igi, ńṣe ni fóònù ń fa ìlà tààrà láti ibi kan tó ti rí wa sí ibòmíràn, ó sì ń gé àwọn kọ́nà jẹ. Bó bá sọ pé 21, ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀.

Fún ìṣirò àkókò, mo lo òfin tí ará Skọ́tílàǹdì kan, William Naismith, gbé kalẹ̀ ní 1892 fún àwọn tó ń rin orí òkè. Bí a bá tú òfin yẹn sí mítà, gbogbo mítà 100 tí èèyàn bá gùn dà bíi pé ó fi nǹkan bí 800 mítà ilẹ̀ títẹ́jú kún ìrìn rẹ̀. Mítà 700 tiwa á sì jẹ́ kìlómítà márùn-ún àti ààbọ̀ ní àfikún. Eré kìlómítà 21 ti di bíi 27 kí a tó gbéra. Òfin yẹn kò sì bu owó ìsọ̀kalẹ̀ sí i. Ojú ẹsẹ̀ la ti máa san ìyẹn.

Bàtà: bó ṣe wà nígbà tí mo rí i

Tòkunbọ̀ ni, láti inú òkìtì òkìríkà kan ní Ọjà Ọba. Òkè rẹ̀ ṣì dára, aṣọ alájọ̀jọ̀ rẹ̀ kò ya, ojú ihò okùn rẹ̀ pé. Fóòmù funfun tó wà láàárín ṣì ń ta padà tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti dán bí àwo. Bàtà ojú ọ̀dà ni tẹ́lẹ̀, kódà nígbà tó wà ní tuntun kò ní eyín tó lè mú ẹrẹ̀.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà. Ẹsẹ̀ kan jẹ́ gíráàmù 270. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn tó ti fi ẹ̀rọ wọn èémí àwọn asáré rí i pé tí a bá fi gíráàmù 100 kún bàtà kọ̀ọ̀kan, agbára tí ara ń ná á lé sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ fún wákàtí mẹ́ta? Mo fún iṣẹ́ náà ní àyè gíráàmù 80. Bí rọ́bà bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gé e.

Bàbá tó máa ń bá mi tún bàtà ṣe gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún yí i sósì.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí èyí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó lè di àpáta mú ni. Ìdànrè la ti fẹ́ sáré, lókè níbẹ̀."

"Sáré? Ta ló ń lé yín?"

Ọmọ iṣẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo jókòó, torí mo mọ̀ pé tí Bàbá bá ti fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ tán ni wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ dáadáa.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa mú wá ni ojú táyà ọ̀kadà. Ó ní eyín, ó lágbára, ó pọ̀ nílẹ̀. Bàbá ò fẹ́ ẹ fún gbogbo abẹ́ bàtà, àlàyé wọn sì wọ̀ mí létí. Wọ́n ní rọ́bà táyà, kó lè pẹ́ lórí ọ̀dà ni wọ́n ṣe ṣe é, ìyẹn ló ṣe le, rọ́bà tó bá sì le kì í bá òkúta tútù rẹ́. Ìṣòro kejì ni ti eyín fúnra rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ oko kòkó, eyín tó ga tó sì jìnnà síra ló ń ṣiṣẹ́, torí ó ń wọ ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń já bọ́ láàárín rẹ̀. Lórí àpáta lásán, eyín gíga ń dín ibi tí bàtà ti fara kan òkúta kù, èèyàn á wá dúró sórí ṣóńṣó díẹ̀díẹ̀. Àpáta ń fẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó tẹ́jú. Ọ̀nà wa ní ẹrẹ̀, ó sì ní àpáta.

A wá pín abẹ́ bàtà sí méjì. Iwájú, níbi tí ìka ẹsẹ̀ wà, rọ́bà pẹlẹbẹ rírọ̀ ló máa gba ibẹ̀, pẹ̀lú ilà tí a fi ọ̀bẹ fà sí i lójú kí omi rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀yìn, ní gìgísẹ̀, eyín táyà ni, a ó sì yí ojú rẹ̀ padà kó kọjú síwájú, torí tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀.

Oríṣi rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn oníbàtà ń rà pọ̀ lọ́jà, olóhùn dídùn sì ni gbogbo àwọn tó ń tà á. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gé igun kékeré lára oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà, mo kó wọn sílé. Mo gbé ọlọ ìyá mi síta, mo da omi sí i lójú, mo to àwọn rọ́bà náà sórí rẹ̀, mo gbé òkúta kan náà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kí wọ́n lè wúwo bákan náà. Lẹ́yìn náà ni mo rọra ń gbé orí ọlọ sókè, mo ń fi igi ṣẹ́ẹ́ṣẹ̀ẹ́ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ga. Dúdú dídán tí wọ́n ní ó dára jù ló kọ́kọ́ yọ̀ lọ. Ti táyà tẹ̀lé e. Rọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí kò wu ojú, tí èékánná ń wọ̀ lára tó sì ń padà, òun ló dúró pẹ́ jù. Òun la lò. Ìyá mi ní kí n fọ ọlọ òun kó mọ́ tónítóní, kí n sì má tún dán an wò mọ́.

Lílẹ̀ àti rírán

Bàbá kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ṣí rọ́bà ògbólógbòó náà kúrò títí ó fi ku fóòmù. Wọ́n fi sánpépà ha fóòmù náà, wọ́n ha ẹ̀yìn rọ́bà tuntun náà, wọ́n fi tínà nù ún kí ọ̀rá ọwọ́ àti eruku kúrò. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pa ojú méjèèjì, wọ́n pa ti fóòmù lẹ́ẹ̀kejì torí fóòmù ń mu gọ́ọ̀mù. Wọ́n wá gbé e sójú oòrùn, wọ́n ń jẹ obì. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti ní sùúrù. Gọ́ọ̀mù yìí kì í mú nígbà tó bá tutù; a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ìka ò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, kí a tó pa ojú pọ̀ mọ́ ojú. Tó bá sì ti fara kan ara wọn, ó tán, kò sí àtúntò. Ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná nítorí pé ẹ ń kánjú. Òórùn tó ń ta sókè yẹn, epo ni, ó ń gbiná.

Wọ́n ki bàtà bọ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi hámà lù ú láti àárín lọ sí etí, kí atẹ́gùn má há sínú. Ó sùn di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rán an. Kí wọ́n tó rán an, wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ fa ojú ọ̀nà tóóró sí abẹ́ rọ́bà náà, nítòsí etí, kí òwú lè sinmi sínú rẹ̀. Òwú tó bá yọ síta, àpáta á fá a já láàárín kìlómítà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọn ní ìkọ́ lẹ́nu. Wọ́n á gún un kọjá, òwú tí wọ́n ti fi ìda pa á wà ní inú bàtà, ìkọ́ á fà á jáde, wọ́n á so ó, wọ́n á fà á títí iṣan ọwọ́ wọn á fi yọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ojú abẹ́rẹ́ méjì, mo dá abẹ́rẹ́ padà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Túùbù ọ̀kadà la fi bo orí ìka ẹsẹ̀, torí gbòǹgbò igi kòkó. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ gíráàmù 341 lórí òṣùwọ̀n fúláwà. Ó wọ inú àyè tí mo fún un.

Okùn bàtà náà wà lára iṣẹ́ yìí o. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ń rọ́ síwájú nínú bàtà, àtàǹpàkò ń gbá ògiri, èékánná ń dúdú. Mo fi àyè ìbú ìka kan sílẹ̀ níwájú ìka tó gùn jù, mo wá lo ihò òkè pátápátá tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kì lókùn. A ó ki okùn bọ ihò yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan náà kó di òrùka kékeré, a ó ki okùn òdìkejì gba inú òrùka náà, ká tó fà á le. Ó ń di gìgísẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà, iwájú ò sì fún.

Ìdánwò lẹ́yìn òjò

Rọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ náà di àpáta gbígbẹ mú dé ibi tí ẹ̀rù ti bà mí láti tún dán an wò. Lórí àpáta tó tutù díẹ̀, ó ṣì dára. Àmọ́ ẹ wo àwọn ilà dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ lára àwọn àpáta ńlá wọ̀nyẹn, ojú ipa omi òjò. Kì í ṣe òkúta ló dúdú. Ohun alààyè tín-tìn-tín, tí ojú lásán ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ló tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀. Tó bá gbẹ, ó ń ha ọwọ́ bí a bá fi ọwọ́ pa á; tí omi bá kàn án, kò sí rọ́bà tí mo mọ̀ tó dúró. Ìpinnu wa ni pé níbi ilà dúdú tútù, ká rìn yí i ká, tàbí ká jókòó ká fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Eyín táyà tó wà ní etí ìta gìgísẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tí mo gbé e lọ, Bàbá fi ìka họ ọ́, wọ́n fi hàn mí pé iwájú eyín náà dúró ṣánṣán, òkúta ń kọ́ ọ. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé iwájú gbogbo eyín dagun kó lè yọ́ kọjá, wọ́n sì gún òwú kọjá èyí tó ṣí. Láti ìgbà yẹn, kò tún ṣí.

Ẹsẹ̀

Bàbá ò lè tún èyí ṣe fún mi. Tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan iwájú itan ń fà, ó sì ń gùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń dá ìwúwo ara dúró ní gbogbo ìgbésẹ̀. Fífà tó ń gùn yìí ló ń ya àwọn fọ́nrán iṣan wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ìrora rẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló ń dé, tí èèyàn á di àga mú kó tó lè jókòó sórí ṣáláńgá. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé iṣan tó bá ti jẹ irú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kan máa ń mú ara le. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora náà kì í tó ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, mo ń wá ìsọ̀kalẹ̀ kiri, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láàárín èyí tó le kẹ́yìn àti ọjọ́ eré.

Ní ilé, búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà tí mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ló ṣe mí lóore jù. Ẹsẹ̀ kan á dúró lórí rẹ̀, ìkejì á rọra sọ̀ títí gìgísẹ̀ á fi kan ilẹ̀, mo ń ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Orúnkún kò gbọdọ̀ yà sínú. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé mo ń jó.

Ti ìgòkè, mi ò fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń rìn kánkán kì í jìnnà síra, ẹni tó ń rìn ló sì ń fi èémí pamọ́. Ọwọ́ lórí itan, ojú nílẹ̀, ká máa lọ.

Omi àti ohun jíjẹ

Piọ́ wọ́tà, dabínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, iyọ̀ díẹ̀ nínú ike omi kan. Bàbá olóko kan gbà wá láyè láti kó omi pamọ́ sí abà wọn, a sì kó gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan kòkó tí wọ́n sá, òun ni yóò ṣa á.

Ọjọ́ eré

Ìparí Bélú ni, òjò ti ń lọ, ọyẹ́ ò tíì dé. A gbéra kí oòrùn tó yọ. Mo rin gbogbo àtẹ̀gùn, ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń fi mí sílẹ̀ lórí ọ̀dà sá a, ó ń kọrin lókè kí n tó dé ìdajì. Nínú oko kòkó, eré dọ́gba. Ewé gbígbẹ bo gbòǹgbò, túùbù tó wà lórí ìka ẹsẹ̀ mi sì gba ìgbátí tí èékánná mi ì bá gbà.

Ìsọ̀kalẹ̀ kejì ló ya àwa méjèèjì. Mo bá ọ̀rẹ́ mi yìí ní ibi ìsinmi kan, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi mọ́." Mo fún un ní omi oníyọ̀ tó kù, a jọ sọ̀ ọ́ ní ìgbésẹ̀ kúkúrú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí ìgbésẹ̀ gígùn ló ń fi gbogbo ìwúwo ara lé orúnkún. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ la lò. Ẹlòmíràn ti gba iyán àkọ́kọ́, àmọ́ ọbẹ̀ ṣì gbóná.

Bí bàtà ṣe rí báyìí

Rọ́bà iwájú ti jẹ díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, ilà omi rẹ̀ ṣì hàn. Òwú kò já níbì kankan. Eyín gìgísẹ̀ méjì ní etí ìta òsì ti jẹ ju ti ọ̀tún lọ. Bàbá ní bí mo ṣe ń tẹlẹ̀ nìyẹn, wọ́n á fi rọ́bà tó le díẹ̀ rọ́pò méjèèjì, wọ́n ò ní fọwọ́ kan ìyókù. Túùbù orí ìka ti ya, ìyẹn ò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé bàtà tiẹ̀ náà wá, ó sì ti gba nọ́ńbà Bàbá, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n yá òun ní ọlọ. Mo ní kó lọ bá ìyá mi sọ ọ́.